Orí-Ọ̀rọ̀ Lójú Pátákó

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń kọ ọ́ sójú pátákó:
"Iṣẹ́ àgbẹ̀ sàn ju iṣẹ́ tíṣà lọ."
Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi ń dá a padà fún mi:
"Alága, ẹ̀yin adájọ́ tí kì í ṣègbè, olùṣọ́ àkókò…"
Ẹ̀gbọ́n kọ ọ́, àbúrò jogún ìwé rẹ̀,
àṣìṣe kan náà ní ìlà kan náà.
Kò sẹ́ni tó fẹ́ roko nínú wọn,
kò sẹ́ni tó fẹ́ dà bí èmi.

Ní Ọjọ́rú tó kọjá, òjò ń na páànù Òkè-Ààrẹ,
mo ní ó tó gẹ́ẹ́.
Mo fẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń jóni lẹ́nu bí iṣu àjẹkánjú.
Mo kọ: "Ó yẹ kí ọlọ́kadà kúrò nígboro."
Tirimisíyù fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn lábẹ́ tábìlì;
ọ̀kadà ni bàbá rẹ̀ fi ń bọ́ wọn.
Mo nù ún.
Mo kọ: "Ẹni tó gbowó kó tó dìbò kò jẹ̀bi."
Àpò ìrẹsì kan ṣì ń bẹ ní ìdáná mi,
fọ́tò olóṣèlú wà lára rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín,
a ò tíì jẹ ẹ́ dé ìdajì.
Ìyẹn ni mo yára nù jù.

Ọ̀gá wa, Ìyáàfin Olúgbódi, ti kìlọ̀ fún mi:
"Ọ̀gbẹ́ni Láyíwọlá, ẹ fún wọn ní ohun tí kò ní bí ẹnikẹ́ni nínú."
Ta ló wá ń bá omi jiyàn pé ó tutù?

Ni Mọnsúrá Òjélàbí bá nawọ́,
ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀, tó ń jókòó ti fèrèsé tó fọ́:
"Sà, ẹ jẹ́ ká kọ ti títì tí wọ́n fẹ́ fẹ̀."
Kíláàsì pa lọ́lọ́.
Gbogbo wa la mọ ilé wọn, ilé alámọ̀, nísàlẹ̀ Bẹẹrẹ,
tí wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí,
ọ̀kan lára ògiri, ọ̀kan lára ilẹ̀kùn,
bí ẹni pé ilé lè sá lọ.

Bébà la ká sínú fìlà mi, oníkálukú mú tirẹ̀.
"Mo fara mọ́ ọn" ló bọ́ sí i lọ́wọ́.
Mo ní kó dá a padà, kó mú òmíràn.
"Rárá, sà. Èkejì ni mò ń gbọ́ nílé lálaalẹ́.
Ẹ jẹ́ n wo ohun táwọn náà rí."

Ojú ewé mẹ́ta ló kọ.
Ó kọ nípa ọkọ̀ panápaná tí kò ráyè wọlé
lọ́jọ́ tí ṣọ́ọ̀bù àwọn onítìmùtìmù ń jó;
nípa aboyún tí wọ́n fi bárò tì jáde.
Ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọn ilẹ̀ láti ògiri wọn dé gọ́tà:
ẹsẹ̀ mẹ́fà àti àbọ̀.
Kò bú ẹnikẹ́ni, kò bẹ ẹnikẹ́ni.
Lẹ́yìn "mo dúpẹ́," níbi tí àròkọ ti yẹ kó tán,
ó kọ ọ́ wínníwínní:
"Yàrá tí wọ́n bí bàbá mi sí ni títì náà máa gbà kọjá.
Ẹ jọ̀ọ́, sà, wọn ò gbọdọ̀ rí ìwé yìí."

Iná ò sí lóru àná. Tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ń máàkì.
Àkọtọ́, mẹ́wàá. Ìgbékalẹ̀, mẹ́wàá. Èrò, ogún.
Wọn ò kọ ọ́ síbì kankan pé èló ni tẹni
tó kọ́kọ́ wó ilé rẹ̀ lórí bébà
kó lè mọ bó ṣe ń rí lára ẹni tó ń wó o.
Bíró mi pupa, irú pupa ara ògiri wọn.
Mo kọ "Wá rí mi" sétí ìwé, mo fẹ́ nù ún;
bíró kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì.

Ọ̀la tún ni Ọjọ́rú.
Tirimisíyù ti bi mí lẹ́nu géètì:
"Sà, ti ọ̀kadà tẹ́ ẹ nù ńkọ́?"
Kò tíì sẹ́ni tó bi mí nípa ìrẹsì.